Ẹni Tí Ń Tọ́jú Aláìsàn Pẹ̀lú Yẹ Kí Ó Sinmi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Òwe yìí kò bú ọmọ náà. Ó ń rán wa létí pé ẹnì kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kan ilẹ̀, tí ẹ̀yìn ń ro, tí òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, kí ẹlòmíràn tó lè sùn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Mowé, ní Ìbàfò àti ní Ìfọ̀ lónìí. Ó lè jẹ́ ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ní àrùn rọpárọsẹ̀, ó lè jẹ́ ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣarán, ó sì lè jẹ́ abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Kò gba owó oṣù, kò ní ọjọ́ ìsinmi, kò sì sí ẹni tí í bi í pé, “Ìwọ náà ńkọ́?” Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọjọ́ kan tí àwa òṣìṣẹ́ ìlera ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún àwọn ará àdúgbò ní Ìbàfò, obìnrin kan mú ìyá ọkọ rẹ̀ wá. Aṣọ ìyá náà mọ́ tónítóní, wọ́n ti fi ìpara pa á lára, oògùn rẹ̀ sì wà nínú àpò kékeré kan, èyí tí a ń lò láàárọ̀ lọ́tọ̀, èyí tí a ń lò lálẹ́ lọ́tọ̀. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 130 lórí 80. Inú wa dùn. Nọ́ọ̀sì wá ní kí obìnrin tí ó mú un wá pẹ̀lú jókòó. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kọ́ ni ara mi ò yá.” Nígbà tí ó gbà tí ó jókòó, tirẹ̀ jẹ́ 170 lórí 110. A ní kí ó sinmi díẹ̀, a tún un yẹ̀ wò, kò yàtọ̀.

A bi í léèrè ìgbà tí ó sùn mọ́jú kẹ́yìn. Ó fi ìka kà á. Ó ní láti ìgbà tí màmá ti ṣubú ní balùwẹ̀ ni, ó ti tó ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. A bi í bóyá ó ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ti fi í sílẹ̀, nítorí pé ní ọjọ́ tí òun wọ aṣọ ẹbí kẹ́yìn, aládùúgbò kan sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ òun pé àwọn ìyàwó ayé òde òní ń fi ìyá ọkọ sílẹ̀ lórí ibùsùn láti lọ jó.

N kò sọ pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó gbé ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà ga. Ohun púpọ̀ ni í fa ẹ̀jẹ̀ ríru: iyọ̀ àjẹjù, ara sísan jù, ọjọ́ orí, àti ohun tí a jogún láti inú ìdílé. Ṣùgbọ́n àìsùn àti àníyàn tí kò dáwọ́ dúró kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara. Láti ọjọ́ náà ni ó ti dá mi lójú pé ìsinmi olùtọ́jú jẹ́ apá kan nínú ìtọ́jú aláìsàn, gẹ́gẹ́ bí oògùn àti oúnjẹ ti jẹ́. Ilé tí kò tíì yan ọjọ́ àti wákàtí tí ẹlòmíràn yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ olùtọ́jú, ìtọ́jú rẹ̀ kò tíì pé.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Kì í ṣe ìmọ̀lára tèmi nìkan nìyí. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Schulz àti Beach, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà tí ń tọ́jú ọkọ tàbí aya wọn nínú ilé. Wọ́n tẹ̀ lé wọn fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n rí i pé láàrin àwọn tí iṣẹ́ ìtọ́jú náà ń ni lára, ewu ikú fi ìdá 63 nínú 100 ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò ní aláìsàn láti tọ́jú lọ. Àwọn tí ń tọ́jú ẹni wọn, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ náà kò ni lára, kò sí nínú irú ewu bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí dáadáa. Ìfẹ́ tí a fi ń tọ́jú ẹni kọ́ ni ó ń ṣe ibi; ìnira tí kò sí ẹni tí ó bá ni gbé e ni.

Nítorí náà, ẹ wo ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé yín. Bí kò bá rí oorun sùn mọ́, bí ó bá ń bínú lórí ohun tí kò tó nǹkan, bí orí bá ń fọ́ ọ tí ẹ̀yìn sì ń ro ó nígbà gbogbo, bí kò bá rántí jẹun títí oòrùn fi wọ̀, bí ó bá ń sunkún ní ìkọ̀kọ̀, tàbí bí ó bá ti ń jágbe mọ́ aláìsàn tí ó fẹ́ràn, ẹ mọ̀ pé àárẹ̀ ti wọ inú egungun rẹ̀. Ẹ má ṣe pè é ní ènìyàn burúkú. Bí ó bá sọ pé ayé ti sú òun, tàbí bí ó bá ti gbé ọwọ́ sókè láti lu aláìsàn, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí ní agbègbè wa

Ìdí wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi le ní àdúgbò wa ju bí ó ti rí ní ayé àwọn baba wa lọ. Nínú agbo ilé àtijọ́, bí ìyá arúgbó bá dùbúlẹ̀, àwọn ìyàwó ilé, àwọn ọmọ-ọmọ àti aládùúgbò ni ó yí i ká. Ẹnì kan ń pọn omi, ẹnì kan ń wẹ̀ ẹ́, ẹnì kan sì ń bá a tàkúrọ̀sọ. Láti ìgbà tí a ti ṣí òpópónà Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, tí owó ilé ní Èkó sì ń ga sí i, ọ̀pọ̀ ìdílé ti ra ilẹ̀ sí Mowé àti Ìbàfò. Àwọn mìíràn lọ tẹ̀dó sí Ìfọ̀ ní ọ̀nà Abẹ́òkúta. Wọ́n kọ́lé, wọ́n mọ odi yí i ká, wọ́n sì mú ìyá tàbí bàbá tí ara rẹ̀ kò le mọ́ wá sọ́dọ̀ láti ìlú kí wọ́n lè tọ́jú rẹ̀.

Ìwà ọmọlúwàbí ni. Ṣùgbọ́n ọkọ ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ láti wọ ọkọ̀ lọ sí Berger tàbí Ọ̀jọ́ta, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ń dá a dúró di alẹ́. Àwọn ọmọ ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n wà ní Ìjẹ̀bú, àbúrò wà ní Èkìtì, òmíràn wà ní òkè òkun. Obìnrin náà nìkan ni ó kù pẹ̀lú aláìsàn láàrin odi mẹ́rin. Nínú ilé mìíràn, obìnrin àgbà kọ́ ni ó kù, bí kò ṣe ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n mú kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kí ó lè máa ṣọ́ ìyá àgbà. Èyí kò dára rárá. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀la ọmọ kan ṣe ìtọ́jú àgbà.

A kì í ṣe aláìláàánú ní ilẹ̀ wa. A máa ń bẹ aláìsàn wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí àbẹ̀wò wa ti rí. Àlejò mẹ́fà dé lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Olùtọ́jú sáré wá àga, ó sáré ra omi tútù, ó gbé ìkòkò kaná. Àwọn àlejò wo aláìsàn, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní kí olùtọ́jú máa ní sùúrù, pé Ọlọ́run ni yóò san án fún un. Wọ́n jẹun tán, wọ́n sì lọ. Abọ́ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un láti fọ̀. Ní agbègbè wa yìí, níbi tí ọ̀pọ̀ èrò ti ń wọ́ lọ sí Redemption City nítòsí Mowé àti sí Prayer City ní Ìbàfò, tí mọ́sáláásí sì wà káàkiri, a kò ṣe aláìní ẹni tí yóò gbàdúrà. Àdúrà dára. Ohun tí a ṣe aláìní ni ẹni tí yóò sọ pé, “Wọ aṣọ rẹ, kí o máa lọ síbi tí o fẹ́ lọ. Èmi yóò jókòó ti màmá títí di agogo mẹ́fà.”

Àpẹẹrẹ láti Àrò

Bóyá ẹnì kan yóò sọ pé àṣà ilẹ̀ òkèèrè ni mo fẹ́ kó wọ inú ilé Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn yìí kan náà, ní Abẹ́òkúta, ni a ti rí àpẹẹrẹ kan tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tí ó wà ní Àrò. Dípò kí ó ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú wọ́ọ̀dù, ó ṣètò kí ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká. Aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan lọ́wọ́, bí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀, tí yóò sì máa lọ mú un padà ní ọ̀sán. Lambo padà di igbákejì olùdarí àgbà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọdún 1973. Ó kú ní ọdún 2004, ilé ìwòsàn Àrò sì wà títí di òní.

Ìwòsàn aláìsàn ni ó jẹ Lambo lógún, kì í ṣe ìsinmi ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà nínú ètò náà. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ọwọ́ ẹlòmíràn ni aláìsàn wà. Ẹbí tí ó mú un wá kò sì dá wà. Ó wà láàrin abúlé tí àwọn ènìyàn ti ń kí ara wọn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ rẹ̀ ní wákàtí tí ó ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ní wákàtí tí ó ń dáwọ́ dúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ní Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ kò ní lónìí nìyẹn.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti fi òfin gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Ní England, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2014 sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ wo ohun tí olùtọ́jú fúnra rẹ̀ nílò, kì í ṣe ti aláìsàn nìkan. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, òṣìṣẹ́ tí ó ní ẹni tí ó ń tọ́jú níbẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ kan ìsinmi lọ́dún nítorí rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní san owó fún un. Àwọn ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún mọ̀ nípa èyí. Mo sì fẹ́ kí wọ́n rántí pé owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó kò lè yí aláìsàn padà lórí ibùsùn. Kí wọ́n yọ díẹ̀ lára owó náà sọ́tọ̀ fún ẹni tí ẹbí mọ̀, tí yóò máa wá gba olùtọ́jú sílẹ̀ ní ọ̀sán méjì lọ́sẹ̀. Ní tiwa níhìn-ín, a kò lè jókòó máa retí òfin. Ọwọ́ ìdílé ni ìbẹ̀rẹ̀ wà.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ

Àwọn kan a ní, “Màmá kò gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan òun.” Òótọ́ ni, ojú máa ń ti aláìsàn. Ẹ má ṣe jáde lọ lójijì. Kí ẹni tuntun kọ́kọ́ wá jókòó pẹ̀lú yín fún ìdajì wákàtí. Ní ìgbà kejì, kí olùtọ́jú lọ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi di ìgbà kẹrin, ara aláìsàn yóò ti mọ́ ọn lára.

Àwọn mìíràn a ní, “Kò sí owó.” Ìsinmi kò fi bẹ́ẹ̀ ná ni lówó. Bí ilé méjì ní àdúgbò kan bá ní aláìsàn, kí èkínní bá èkejì ṣọ́ tirẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ọjọ́rú, kí èkejì sì san án padà ní ọjọ́ Sátidé. Bí a ti ń dá àjọ owó, bẹ́ẹ̀ ni a lè dá àjọ wákàtí.

Èyí tí ó le jù ni, “Kí ni ayé yóò wí?” Wọ́n á ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà kò bá jẹun, tí kò sùn, tí kò sinmi, níbo ni wàrà yóò ti wá? Ní ọjọ́ tí aláìsàn bá di méjì nínú ilé, ayé tí a ń bẹ̀rù kò ní wá fọ aṣọ fún ẹnikẹ́ni.

Bí a ó ti ṣe é

Èkínní, ẹ pe ìpàdé ìdílé, kí àwọn ọkùnrin wà níbẹ̀. Ìyá tí ó bí ọkùnrin ni wọ́n ń tọ́jú. Kí ó má ṣe fi gbogbo rẹ̀ lé aya rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ yan ọjọ́ kan àti wákàtí mẹ́rin, fún àpẹẹrẹ agogo méjì sí mẹ́fà ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ara ògiri, kí gbogbo ilé lè rí i.

Èkejì, ẹ kọ́ ènìyàn méjì ní iṣẹ́ náà. Aláìsàn tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, a gbọ́dọ̀ máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì kí ara rẹ̀ má baà bó. Kí a gbé e jókòó dáadáa kí a tó fún un ní oúnjẹ tàbí omi, kí ó má baà gba ọ̀nà òfun tí kò yẹ. Ẹ kọ orúkọ oògùn àti wákàtí rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ kọ nọ́ńbà tẹlifóònù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe fi aláìsàn sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ kò mọ ìwà rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó wá gba olùtọ́jú sílẹ̀ kì í ṣe àlejò. Kí ó má ṣe retí pé kí a se oúnjẹ dè é.

Ẹ̀kẹrin, kí wákàtí náà jẹ́ ti olùtọ́jú. Kì í ṣe wákàtí ọjà, kì í ṣe wákàtí aṣọ fífọ̀. Kí ó lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, kí ó lọ bá àwọn akọrin kọrin, kí ó lọ sí àsàlátù, kí ó lọ dirun kí ó sì bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, kí ó ta ayò, kí ó jó níbi ìnáwó. Bí oorun ni ó wù ú, kí ó lọ sùn sí ilé ọ̀rẹ́. Ohun tí ó ń pa olùtọ́jú lára jù ni dídá wà. Ẹ̀rín àti ọ̀rọ̀ láàrin ẹgbẹ́ ẹni máa ń tú àárẹ̀ tí ibùsùn kò lè tú.

Ẹ̀karùn-ún, nígbà tí ẹ bá mú aláìsàn lọ fún àyẹ̀wò, kí olùtọ́jú pẹ̀lú jókòó sórí àga náà. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tó 140 lórí 90 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó bá òṣìṣẹ́ ìlera sọ̀rọ̀.

Mo tún ń ké sí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ àti àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù. Bí ẹgbẹ́ onílé bá lè yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ géètì lóru, ó lè yan ẹni mẹ́rin tí yóò máa jókòó ti aláìsàn ní ọ̀sán kan lóṣù. Ẹ ṣí gbọ̀ngàn ìpàdé. Kí àwọn aláìsàn tí ó lè rìn tàbí tí a lè gbé wá jókòó sí apá kan pẹ̀lú àwọn tí yóò mójú tó wọn, kí àwọn olùtọ́jú sì wà ní apá kejì pẹ̀lú orin, ayò àti ìtàkúrọ̀sọ. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ìlera láti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó súnmọ́ yín láti wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Àga, omi àti ọkàn rere ni gbogbo ohun tí ó gbà.

Obìnrin Ìbàfò yẹn bẹ̀rẹ̀ oògùn. A bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, òun náà sì bá àwọn ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tí ń gbé ní Ìfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ní Sátidé méjì lóṣù. Nígbà tí mo tún pàdé obìnrin náà, ó sọ fún mi pé ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ padà dé láti ìpàdé ẹgbẹ́, ìyá ọkọ òun gbé orí sókè, ó bi òun pé, “Ta ni ó wá? Kí ni ẹ jẹ? Ṣé wọ́n ṣì ń jà lórí owó ẹgbẹ́?” Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, ìyá náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti mú ìròyìn òde wọ yàrá náà.

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin baba wa, ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Bí ẹ bá fẹ́ lọ bẹ aláìsàn wò ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má ṣe lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ ya wákàtí mẹ́ta sọ́tọ̀, kí ẹ lọ jókòó tì í, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ pé kí ó jáde lọ gba atẹ́gùn sára. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ti olùtọ́jú sì wà nínú rẹ̀.